Bàbá Mi, Mo Ti Ra Maṣíìnì Búrẹ́dì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí Ọlọ́run máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín níbi tí ẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń ṣe nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu láti àná, mi ò sì rí ẹlòmíì tó máa yé tán bí mo bá sọ ọ́. Mo ti ra maṣíìnì búrẹ́dì. Mi ò sọ pé maṣíìnì ìránṣọ o, ìyẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé. Èyí tí mò ń wí yìí, èèyàn á da fúláwà, omi, yíìsì, ṣúgà àti bọ́tà sí i nínú, á tẹ bọ́tìnnì kan, ó parí. Á pò ó fúnra rẹ̀, á jẹ́ kó wú, á sì yan án. Èmi á wà níbi tí mo ti ń rán ṣòkòtò oníṣòkòtò, òórùn búrẹ́dì á máa pè mí láti kíṣìnnì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ti ń pa yín. Ẹ máa rín in o, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kó mi sínú ọ̀rọ̀ búrẹ́dì.

Ẹ rántí béńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí wa ní Ẹ̀pẹ́. Báwo lẹ ṣe máa gbàgbé, ẹ̀yin lẹ kàn án. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ẹ máa ń pín búrẹ́dì fún àwọn àgbà tó bá jókòó síbẹ̀, ẹ fi ń ṣe sàráà fún ìyá yín. Èmi ni mo máa ń bá yín lọ rà á. Ẹ ò ní fọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni, ẹ máa yí búrẹ́dì dojú dé, ẹ máa fi àtàńpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ti òní ni. Àtàńpàkò yín yẹn, tí òòlù ti sọ di pẹlẹbẹ, ibi tó bá tẹ̀ kì í dìde mọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì á máa bínú, ẹ̀yin á ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, gbogbo èyí tí ẹ bá tẹ̀ lẹ máa rà. Gbogbo àwọn àgbà orí béńṣì ló mọ búrẹ́dì Káfíńtà, torí òun nìkan ló ní ihò lábẹ́.

Nílé ńkọ́? Ẹ máa ń fi ọ̀bẹ gé abẹ́ búrẹ́dì kúrò, ibi líle yẹn, ẹ máa ń fi mu tíì yín, ẹ wá máa kó inú rẹ̀ tó rọ̀ fún mi. Mo rò pé ibi líle lẹ fẹ́ràn. Títí mo fi lọ sílé ọkọ, ohun tí mò ń sọ fáwọn èèyàn nìyẹn, pé bàbá mi kì í jẹ inú búrẹ́dì. Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Mi ò bi yín rí.

Nígbà tí ẹ lọ, ó di tèmi. Èmi nìkan lẹ bí, ta ni ì bá tún ṣe é? Ìkòròdú tí mò ń gbé jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ díẹ̀, mi ò lè lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń lọ pín búrẹ́dì lórúkọ yín. Àfi bí búrẹ́dì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Bó ṣe ń wọ́n ló ń kéré, tí èèyàn bá gbé e báyìí, atẹ́gùn ló pọ̀ nínú ẹ̀. Odindi tí mò ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan di ààbọ̀. Ààbọ̀ di ègé méjì-méjì. Lọ́jọ́ tí mo pín ègé méjì-méjì yẹn, Bàbá Súlè, ọ̀rẹ́ yín, tó jẹ́ àgbà pátápátá lórí béńṣì báyìí, gba tiwọn, wọ́n ṣe àdúà fún yín, àdúà yẹn sì gùn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Wọn ò gé e kúrú rárá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò wọ́n.

Mi ò lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mi ò lọ lóṣù kejì. Tí nǹkan mìíràn bá gbé mi dé Ẹ̀pẹ́, Ọjà Olúwo ni mo máa ń gbà, màá ra ẹja mi, màá fa híjáábù bojú, màá sá wọ mọ́tò padà bí olè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò mọ bóyá àdúà wọn máa ń dé ọ̀dọ̀ yín. Tó bá ń dé, ẹ máa mọ̀ pé ó dáwọ́ dúró. Ṣé ẹ retí rẹ̀?

Oníbàárà mi kan ló là mí lójú. Ó wá gba aṣọ, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná kan wá fún mi, ó ní maṣíìnì ló ṣe é nílé òun, àti pé láti ìgbà tí òun ti rà á, òun ò wo ojú oníbúrẹ́dì mọ́. Bàbá, orí mi wú. Kí n má purọ́, òun ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Ọkọ mi ní kí n rọra, pé èmi tí mo lè gbàgbé ìrẹsì lórí iná. Mo gba Benson ní Ìkòròdú níbí lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀.

Mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ tóbi, ó ń dán, ó ní gíláàsì lórí, ojú mi sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka iye iná tó ń jẹ, mo mọ̀ pé tí mo bá fi kan jẹ́ńẹ́rétọ̀ kékeré wa, àwọn méjèèjì á jọ kú lọ́jọ́ kan náà. Èkejì ló pọ́ọ́kú jù. Mo ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ ra àga, mo yí i dojú dé, mo wo abẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ọkùnrin náà bu omi fún mi, mo da á sínú abọ́ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, mo gbé abọ́ náà sókè, mo ń wò ó. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ ra á ni àbí mo fẹ́ fi ṣe àlùwàlá. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lomi ti ń kán tó tó sórí bàtà rẹ̀. Mo gbé ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹta kéré, ó funfun, kò rẹwà, ṣùgbọ́n abọ́ rẹ̀ ò jò, irin kékeré tó ń po fúláwà wà níbẹ̀, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Òun ni mo rà. Mo ná an títí ọkùnrin náà fi bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ọmọ Káfíńtà ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti búrẹ́dì àkọ́kọ́ fún yín, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo gbàgbé irin tó ń po fúláwà sínú dúrọ́ọ̀. Maṣíìnì dún títí, kò po nǹkan kan. Ohun tí mo yọ jáde, fúláwà wà lókè, ẹ̀kọ wà nísàlẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó wò mí, ó ní ṣé èyí la ó máa jẹ títí owó rẹ̀ á fi pé. Ìkejì, wọ́n mú iná lọ nígbà tó ń wú lọ́wọ́, ó sùn lọ pẹrẹsẹ, a fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́. Ìkẹta ló dára. Mo dín omi rẹ̀ kù kó lè ki bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo fi ṣúgà kún un. Èmi àti aládùúgbò mi la jọ ń pín àpò fúláwà báyìí. Owó búrẹ́dì méjì ń fún mi ní mẹ́ta, ìyẹn tí iná bá wà o. Tí mo bá fi jẹ́ńẹ́rétọ̀ ṣe é, epo á jẹ èrè náà tán, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti mú iná dé, mo ti ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo ti sáré wọ kíṣìnnì.

Ohun kan ló wá bà mí nínú jẹ́. Mo yí búrẹ́dì dáadáa yẹn padà, mo rí ihò gbàǹgbà kan lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣe òmíràn, ihò. Mo gbé maṣíìnì náà padà sí Benson tìjà-tìjà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní irin yẹn ló ń fi ojú ihò sílẹ̀, pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tolówó ńlá tòtòṣì. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi búrẹ́dì tó lu ṣe sàráà? Odindi là ń fún èèyàn. Àwọn àgbà á ní eku ló jẹ ẹ́, pé lẹ́yìn tí mo ti sá fún wọn tó báyìí, àjẹkù ni mo tún gbé wá.

Síbẹ̀, mo ṣe é. Àgbà mẹ́fà ló kù lórí béńṣì. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iná bá ṣe ń wá. Láàárọ̀ àná tó jẹ́ Jímọ̀, mo mú ọ̀bẹ, mo fẹ́ gé abẹ́ gbogbo wọn kúrò kí ihò náà má hàn. Ọwọ́ mi ò gbé e. Ibi tẹ́ ẹ máa ń jẹ ni, Bàbá. Mo fi aṣọ funfun wé wọn bẹ́ẹ̀, mo wọ mọ́tò, a gba Ìtòikin. Láti Ìtòikin dé Ẹ̀pẹ́, àyà mi ò balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n kírun tán, wọ́n bọ́ síta, wọ́n jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí ibi tí mo wà látọjọ́ yìí. Bàbá Súlè kàn ní kí n dìde, ilẹ̀ gbóná. Mo fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, odindi, odindi. Bàbá Súlè gbé tiwọn sí imú, wọ́n sì yí i dojú dé. Wọ́n wo ihò yẹn títí. Mo ti lanu láti ṣàlàyé irin àti maṣíìnì, kí wọ́n tó ti àtàńpàkò bọ̀ ọ́. Àtàńpàkò wọn ò kún un. Wọ́n bá gbé búrẹ́dì sókè, wọ́n fi han àwọn márùn-ún tó kù, wọ́n ní ẹ wò ó, Káfíńtà ti tẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi rán ọmọ rẹ̀ sí wa.

Àwọn yòókù yí tiwọn. Gbogbo wọn ló ní in. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín, kí Bàbá Súlè tó fi aṣọ nu ojú, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ó gùn, Bàbá, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ó dé?

Láàárọ̀ yìí, mo yọ búrẹ́dì tuntun fáwọn ọmọ mi. Mo gé abẹ́ rẹ̀ kúrò, mo kó inú rẹ̀ tó rọ̀ fún wọn, mo fi ibi líle mu tíì mi. Ó le. Ó ń họ èèyàn lẹ́nu. Kò tiẹ̀ dùn tó inú rẹ̀ rárá.

Ẹ ṣé, Bàbá mi. Ẹ ṣé gan-an.

Èmi ni,
ọmọ yín kan ṣoṣo, tí ẹ jẹ abẹ́ búrẹ́dì nítorí rẹ̀.