Ṣúgà Tí Kò Sí Nínú Tíì Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àbúrò rẹ kun iyàrá ẹ̀yìn, ó kun gíláàsì fèrèsé mọ́ ọn.

Tíì dúdú tó o fi ránṣẹ́, tó ń ta sánsán bíi máńgòrò, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Dókítà ní kí bàbá rẹ jáwọ́ nínú ṣúgà, wọ́n fàáké kọ́rí. Àṣé imú lè tan ẹnu jẹ! N ò fi hóró ṣúgà kan sí tíì yẹn rí. Lánàá, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀: "Ìyá wọn, ṣúgà yìí ti pọ̀ jù. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló yẹ̀."

Jọ̀ọ́, fi òmíràn ránṣẹ́. Bó o bá pè wọ́n, má tú àṣírí mi o. Adùn ò ní tán nílé rẹ, bí ò tiẹ̀ sí ṣúgà.

Ìyá rẹ