Títì Korpivaara Tí A Fi Òun Fúnra Rẹ̀ Tún Ṣe

                                        Ilé Heiskala,
                                        Ẹ̀bá Adágún,
                                        Korpivaara,
                                        Fínlándì.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Karùn-ún, 2019.

Marketta, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Mo mọ̀ pé oòrùn Spéènì á ti sọ ọ́ di pupa bíi tòmátì. Ẹ kú oòrùn o. Ní tiwa, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ ni, ẹrẹ̀ wà níbi gbogbo, àfi ibì kan. Ibì kan yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, nítorí inú mi ń dùn débi pé bí n kò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, oorun ò ní kùn mí.

O mọ títì wa. Ta ni yóò gbàgbé rẹ̀? Bí yìnyín bá ti ń yọ́, omi á há sábẹ́ ọ̀dà ojú títì, ìsàlẹ̀ títì á rọ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ọkọ̀ tó wá kó wàrà ò sì ní lè wọlé. Ìwọ náà gbọ́ bí áńbúláǹsì tó wá gbé Màmá rẹ ṣe rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá irà, tó jẹ́ katakata Bọ̀ọ̀dá Veikko ló fà á jáde, tí Màmá wà nínú rẹ̀ tí wọ́n di àyà mú. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àdúgbò pe àwa òṣìṣẹ́ títì pé kí ni ká ṣe sí i, mo ní ká má wulẹ̀ ra òkúta tuntun láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní ká họ títì àtijọ́ yẹn, ká rún un wómúwómú, ká po ọ̀dà gbígbóná àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, ká tẹ́ ẹ padà síbi tó wà, kí a tó wá fi ojú tuntun bò ó. Sìmẹ́ńtì ni eegun rẹ̀, kí omi má baà rọ̀ ọ́. Ọ̀dà ni iṣan rẹ̀, kó lè tẹ̀ díẹ̀ láìsán nígbà tí ilẹ̀ bá mí. Sìmẹ́ńtì nìkan á gan, á sì là. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní èmi ni kí n ṣe olórí iṣẹ́ náà. Èmi, Marketta! Ní títì abúlé wa!

Níbi ìpàdé abúlé, Bọ̀ọ̀dá Veikko dìde, ó ní, “Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Annukka ọmọ Taavetti yìí fẹ́ lọ òkú títì kúnná, kó tún tẹ́ ẹ padà fún wa pé ó ti jí!” Ilé gba ẹ̀rín.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá Veikko, bí kò bá dáa, kí ẹ wá ká mi mọ́lé.”

Ó ní, “Ọ̀nà wo la ó gbà débẹ̀?” Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò lè purọ́.

A bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n Jorma ló wa ẹ̀rọ ńlá tó ń jẹ títì. Títì wa yìí ló fẹ́ fi kádìí iṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń wa ẹ̀rọ náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bí ẹ̀rọ bá ń họ títì lọ níwájú, wọ́n á ta omi díẹ̀ sí ọ̀dà gbígbóná nínú rẹ̀, ọ̀dà á hó yẹ́úyẹ́ú bí ọṣẹ, á sì wọ inú òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ ń lọ geere títí a fi dé ẹ̀bá irà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ará abúlé gbé kọfí wá kí wa, Màmá rẹ sì yan búrẹ́dì dídùn. Rólà ti tẹ ilẹ̀ tán, ó ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan létí títì, mo fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Tí ọ̀dà bá wà nínú rẹ̀, á fi tótòtó dúdú sí ọ lọ́wọ́. Ọwọ́ mi funfun báláú. Mo rìn síwájú, mo tún bu òmíràn. Bákan náà. Àwọn ihò ara ẹ̀rọ tí ọ̀dà ń gbà jáde ti dí, sìmẹ́ńtì nìkan ló wọlé.

Marketta, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ojú tuntun á bò ó, yóò sì dára ní wíwò. Òjò sì ń ṣú bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì kì í dúró de èèyàn. Tó bá ti gan, ọ̀rọ̀ di méjì. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n Jorma níbi tó ti ń mu kọfí, mo la ọwọ́ mi sí i lójú.

Ó wò ó, ó gbé ife kalẹ̀. “Ọwọ́ rẹ mọ́.”

“Ó mọ́ jù, ẹ̀gbọ́n.”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Níwájú gbogbo ayé, Annukka?”

Mo ní, “Àwọn náà ni yóò máa gbà á kọjá.”

Ó dìde, ó gun orí ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi yíjú sí àwọn èèyàn, mo ní, “Apá ibí yìí ò dáa. Ọ̀dà ò wọ inú rẹ̀. A máa tú u.”

Bọ̀ọ̀dá Veikko pariwo, “Ẹsẹ̀ wa ò tíì kàn án, ó ti bàjẹ́!” Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ni Màmá rẹ bá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó tú u! Èmi ni mo rì níbẹ̀, ẹ̀yin kọ́.”

A la àwọn ihò ọ̀dà náà, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ibi tí mo ti ń ronú omi tí a ó fi pò ó, nítorí tiwa ti ń tán, mo gbúròó katakata. Bọ̀ọ̀dá Veikko ni, ó wọ́ tánkà omi màlúù rẹ̀ tẹ̀lé e. Kò wò mí lójú. Ó kàn ní, “Níbo ni kí n dà á sí?” Rólà ń kúrò lórí ilẹ̀ báyìí ni òjò dé. Nígbà yẹn, ọwọ́ mi ti dúdú tótòtó. N kò fẹ́ fọ̀ ọ́ rárá.

Yìnyín ti wá ń yọ́ báyìí. Wọ́n ti fi pátákó dí gbogbo títì tó yí wa ká mọ́ ọkọ̀ ńlá, àfi tiwa. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu títì láti mọ bó ṣe lágbára tó dé, wọ́n lu tiwa títí, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Lánàá, mo dúró lẹ́bàá irà nígbà tí ọkọ̀ wàrà kọjá pẹ̀lú ẹrù kíkún. Ilẹ̀ ò mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bọ̀ọ̀dá Veikko dúró tì mí, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, “Ọ̀nà tó lọ sóko mi ńkọ́? Ìgbà wo lẹ ń débẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n Jorma tó ti fẹ̀yìn tì pàápàá gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti ìlú, wọ́n kàn ń wakọ̀ lọ, wọ́n ń wakọ̀ bọ̀.

O sì mọ̀ pé bí ìgbà ẹrẹ̀ bá ti dé, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní ìlú Kajaani ni Màmá máa ń sá lọ. Lọ́dún yìí, mo lọ bi wọ́n bóyá kí n bá wọn di ẹrù. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu: “Kí ló ń lé mi?” Wọ́n ń gbin òdòdó lọ́wọ́ lójú fèrèsé.

Nítorí náà, má dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bó o ti máa ń ṣe. Máa bọ̀ nísinsìnyí, kí o wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Gbogbo ilé ń kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, tí orí rẹ̀ ń wú,
Annukka.