Áńpù Tí Mi Ò Rà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo kí Màmá. Ṣé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́? Ara mi le díẹ̀, àmọ́ ikọ́ ò tíì fi mí sílẹ̀. Yàrá mi tutù rinrin, kò sì fẹ̀: bí mo bá na apá, ọwọ́ mi á kan ògiri méjèèjì.

Mo lọ wo áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde tí ẹ ní kí n rà sí gìtá mi. Ọ̀gá tó ń tà á ní, "Èyí tó tóbi yìí á máa han gooro nínú yàrá kékeré. Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń ṣeré? Ta ló ń gbọ́ yín?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín: "Àbí ògiri lò ń ta gìtá fún ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo parọ́ fún yín. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí mo sọ pé a jọ ń ṣeré, kò sí wọn. Látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnì kan ò wọ yàrá mi rí. Mi ò ra áńpù kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Bí ẹ bá ráyè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ pè mí lórí fóònù. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ sáà gbọ́ bí mo ṣe ń ta gìtá mi.

Èmi àbúrò yín.