Òkúta Tó Wà Lábẹ́ Irin

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó wa ńkọ́, àtàwọn ọmọ? Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀ díẹ̀.

Rélùwéè kékeré tí bàbá àwọn ọmọ mi tò sínú ọgbà kó tó kú ni ọkọ̀ rẹ̀ ń yẹ̀ kúrò lójú irin ní kọ́nà. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ mi méjèèjì ní àbúrò òun ló tẹ irin wọ́.

"Ojú ẹ fọ́ ni?" àbúrò dá a lóhùn.

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ni ẹ̀gbọ́n bá fi òòlù gbá a lẹ́nu, eyín mẹ́ta yọ dànù. Àbúrò fi ayùn ya á lápá dé eegun.

Èmi ni mo ki òkúta bọ abẹ́ irin yẹn, kí omi ìfọṣọ mi lè ráyè kọjá. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ. Jọ̀ọ́, pè wọ́n, bá mi jẹ́wọ́. Mo ti yọ òkúta náà. Ọkọ̀ ń lọ geere báyìí, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àwọn tìrẹ bára wọn jà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin