Ìdí Tí Hameedah Ò Fi Gbé Fóònù Yín

Àǹtí mi Àníọlá,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti yá, wọ́n tún ti ń lọ sọ́jà Ṣàngótẹ̀dó.

Ẹ má bínú sí Hameedah ọmọ mi. Oògùn tí wọ́n fún un nítorí túúlu ló yí i padà. Orí rẹ̀ ò fọ́ mọ́, ṣùgbọ́n á kàn jókòó, á máa wo ọ̀sà títí. Ó ní, "Mọ́mì, ó ń ṣe mí bíi pé mo wà lábẹ́ omi, tí ẹ̀yin wà lókè."

Mo mú un padà lọ bá dókítà. Wọ́n ń dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nílé ìdáná. Mo dúró bí ẹni tó ń lálàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pè é. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Àbúrò yín,
Fúnláyọ̀