Oògùn Ara-Ríro Yín Nínú Ẹja Ológbò

Bàbá Ṣayọ̀,

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ lọ sí àdúrà àárọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀. Ológbò yín fẹ́ kú. Ojú rẹ̀ wú, erìgì rẹ̀ ti di dúdú, kò lè mí dáadáa. Mo ti gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, mo ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Olodi-Apapa.

Nígbà tí mo bi yín lánàá pé kí lẹ fún un jẹ, ẹ ní, "Ààbọ̀ parasítámọ́ọ̀lù péré ni mo rún mọ́ ẹja fún un, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ tẹ̀. Ṣebí ara ń ro òun náà?" Ara ń ro ó, àmọ́ kì í ṣe alábàárù wáàfù bíi yín! Dókítà tí mo pè lórí fóònù ní májèlé ni fún ológbò, ó kéré o, ó pọ̀ o.

Sáṣẹ́ẹ̀tì parasítámọ́ọ̀lù tí mo rà lánàá, wóró méjì ti kúrò níbẹ̀, ẹ sì ní ẹ̀yin ò lo ìkankan.

Ẹ da ẹja tó kù nù, kí ajá Amaka aládùúgbò wa má bàa jẹ ẹ́.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ pè mí. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ iye tó jẹ kó tó tọ́jú rẹ̀. Ààbọ̀ ni, àbí méjì? Ìjà tiwa lè dúró dìrọ̀lẹ́. Ológbò ò lè dúró.

Ìyá Ṣayọ̀