Ìyá Alágbàfọ̀, Ẹni Tó Wá Hóró fún Ọrọ́ Ìyá Rẹ̀

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà, kí ẹbí tó sọ bí Màmá wa ṣe lọ, ó yẹ kí á sọ ibi tí wọ́n ti wá. Oṣù kẹta ọdún 1948 ni a bí wọn, nínú yàrá méjì tó wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan, níbi tí ọmọ tuntun kì í ti í rí oorun sùn àfi bí ẹ̀rọ bá ń dún. Bàbá wọn ni káfíńtà tó kan bẹ́ǹṣì gbogbo ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Ìyá wọn ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Ọmọ afági-kó-dán, ọmọ ẹni tó kan ìjókòó fún ọ̀mọ̀wé, tí òun fúnra rẹ̀ ń dúró jẹun. Màmá ni àkọ́bí. Ní ọdún 1951 ni a bí àbúrò wọn obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Aránṣọ. Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Wọ́n kà á parí, wọn kò sì kọjá ibẹ̀, nítorí ojú ìyá wọn ti ń ṣe bàìbàì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nídìí ọjà. Bàbá wọn ló ń kọ́ wọn nílé lálaalẹ́, pẹ̀lú Bíbélì kan àti àwọn ìwé ìròyìn tí àwọn ará ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ bàjẹ́. Ìdí nìyí tí Màmá fi mọ Orin Dáfídì lórí, tí wọ́n sì mọ ìpolówó ọṣẹ ọdún náà lórí pẹ̀lú.

Ní ọdún 1967, wọ́n gba Màmá síṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ní yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ibùsùn. Ibẹ̀ gbóná bí inú ààrò. Níbẹ̀ ni orúkọ Ìyá Alágbàfọ̀ ti mọ́ wọn lára, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2008. Wọ́n máa ń sọ pé aláìsàn lè má mọ orúkọ dókítà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ mọ aṣọ tí wọn kò lọ̀ dáadáa.

Ní ọdún 1971, wọ́n fẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn. Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ti pariwo tán lójú ọ̀nà kí àwọn tó délé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2001.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá wà nínú ẹgbẹ́ aláàdúrà àárọ̀ títí ara kò fi gbé e mọ́. Àdúrà wọn kì í gùn. Wọ́n ní Ẹni tó dá etí kì í ṣe adití. Bí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ wọlé, àwọn ìyá òpópónà a máa kó aṣọ ilé ìwé ọmọ wọn wá, Màmá a sì lọ̀ wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọmọ bá gba aṣọ rẹ̀ tó sì ká a rúgúrúgú sínú àpò, Màmá a gbà á padà, wọn a tún un lọ̀.

Àmọ́ ìtàn Màmá kò pé láìmẹ́nu ba ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún. Ìyá wọn ní ọ̀kan lójú fèrèsé, rìbìtì bí orí ọmọ ọwọ́, tí ẹ̀gún funfun bò. Wọ́n ti rà á kí Màmá tó mọ̀ ọ́n rìn. Ọrọ́ a-dìhámọ́ra-má-jagun, a-mumi-lẹ́ẹ̀kan-gbàgbé-òùngbẹ, àlejò tí kì í bèèrè oúnjẹ. Lọ́dọọdún ni òdòdó aláwọ̀ osùn máa ń yí i lórí ká bí adé, ṣùgbọ́n kò so èso rí.

Nígbà tí ọrọ́ náà yọ ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyá wọn ya ìyẹn kúrò, wọ́n fún Àǹtí Aránṣọ. Ní ọdún 1990, ìyá wọn ṣaláìsí. Àǹtí ní ìkòkò ọrọ́ ńlá gan-an ni ìyá ṣèlérí fún òun. Kí ẹbí tó jókòó sọ ọ́, Màmá ti fi aṣọ ibùsùn bo ìkòkò náà, wọ́n ti gbé e lọ sílé wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di iṣu-ata-yán-an-yàn-an nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlá gbáko, àwọn ọmọ ìyá méjì kò kí ara wọn. Òpópónà kan náà ni wọ́n ń gbé. Ilé ìjọsìn kan náà ni wọ́n ń lọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí wọ́n bá ní kí ìjọ bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì a bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ tán pátápátá, wọn a sì padà jókòó.

Ní ọdún 2003, Màmá ṣàkíyèsí pé ìdí ọrọ́ náà ti ń le bí èèpo igi, kò sì tún yọ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n fẹ́ hóró, kí irú-ọmọ ọrọ́ ìyá wọn má baà parẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n tọ Bàbá Oníkòkò lọ, ẹni tó ń ta ìkòkò òdòdó àti irúgbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Bàbá náà ní irú ọrọ́ yìí kì í dá so. Ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ọrọ́ mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì tanná pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni Màmá tún mọ̀ nílùú: ó wà lójú fèrèsé ìsọ̀ Àǹtí Aránṣọ.

Màmá gbàdúrà lé e, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ. Àǹtí ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà fún wa títí ó fi dà bí orin lẹ́nu wa.

"Ta ló dí ìmọ́lẹ̀ mi?" ni Àǹtí wí, wọn kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìkòkò, àbí ẹlòmíì?"

"Èmi tí mo gbé ìkòkò ni."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jókòó lé aṣọ oníbàárà."

Màmá jókòó. "Ọrọ́ tèmi ti tanná. Tìẹ ńkọ́?"

"Látọdún mẹ́tàlá wá, ẹ ò bèèrè ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí. Òdòdó lẹ wá bèèrè."

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́. Bí mo ṣe gbé ìkòkò yẹn, kò dáa."

Àǹtí fi eyín gé òwú. "Kò dáa lóòótọ́. Tèmi náà tanná láàárọ̀. Ẹ lọ gbé ti ìyá wa wá. Ẹ rọra gbé e o, àgbà ni."

Búrọ́ọ̀ṣì tínrín tí àwọn ọmọ fi ń kun àwòrán ni wọ́n fi kó lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú láti inú òdòdó kan sínú èkejì. Òdòdó rọ, ó gbẹ, kò sí èso. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ẹjọ́ tuntun fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

"Tiyín ló ti darúgbó, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tìẹ ni ẹ̀rọ ń mì lójoojúmọ́. Ta ló máa lóyún nínú ìsọ̀ télọ̀?"

Wọ́n jọ gbé ẹjọ́ náà lọ bá Bàbá Oníkòkò. Ó bèèrè ibi tí Màmá ti rí tiwọn. Màmá ní ti ìyá àwọn ni. Ó bèèrè ibi tí Àǹtí ti rí tiwọn. Àǹtí ní ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n ti yà á. Bàbá Oníkòkò ṣí fìlà.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ara kan náà ni méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ẹnì kan ṣoṣo lẹ ti ń so pọ̀ láti ọdún méjì wá."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bèèrè bóyá àwọn lè rí hóró irú rẹ̀ láti ìdílé mìíràn, Bàbá Oníkòkò sì bá wọn wá a.

Ní ọdún 2005 ni wọ́n gbìn ín. Màmá yan iyanrìn àti erùpẹ̀ díẹ̀ lórí iná, kí ohun tó ń mú irúgbìn bu lè kú níbẹ̀. Nígbà tó tutù, wọ́n wọ́n hóró náà lé e lórí bí ẹni wọ́n iyọ̀, wọn kò fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n fín omi sí i, wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ẹnu àwo. Ilé tutù lásìkò náà. Wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́, sórí pẹpẹ fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ rí i.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ṣé aláìsàn ni ìyẹn náà?"

"Ọmọ ọwọ́ ni, ọ̀gá. Ooru ni wọ́n wá gbà."

Wọ́n hù bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé. Nígbà tó kan Àǹtí láti tọ́jú wọn, Àǹtí ní kò sí ọmọ tó yẹ kó máa mí nínú ọ̀rá, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ gbẹ gbogbo wọn. A rò pé ìjà tún dé. Ṣùgbọ́n Màmá ti bínú nítorí ọrọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì mọ iye ọdún tó bá a lọ. Wọ́n tún yan iyanrìn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gún ọ̀rá náà níhò kan, lẹ́yìn náà òmíràn, títí àwọn ọmọ náà fi mọ afẹ́fẹ́ lára.

Díẹ̀ ló yè, ọ̀kan ló sì dàgbà dáadáa, lójú fèrèsé Màmá. Wọ́n máa ń yí ìkòkò rẹ̀ kó má baà tẹ̀ síbi oòrùn. Kí wọ́n tó bomi rin ín, wọ́n á ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọ erùpẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin, ọrọ́ kò ní mumi lọ́jọ́ náà. Nígbà òtútù, wọn kì í fún un ní omi rárá. Àlejò a máa káàánú ọrọ́ náà. Màmá a ní kí wọ́n lọ fi àánú náà bẹ aláìsàn wò.

Ní ọdún 2021 ni ọ̀dọ́ ọrọ́ náà kọ́kọ́ tanná, ṣùgbọ́n òdòdó ọrọ́ àgbà ti ìyá wọn ti pa dé. Lọ́dún kejì, ọ̀dọ́ ló ṣáájú. Ọdún kẹta kò yàtọ̀. Màmá àti Àǹtí a máa bá ọrọ́ wí bí alárinà tí ọkọ àti ìyàwó kò jọ délé rí. Àǹtí ló dá a lámọ̀ràn pé kí wọ́n gbé ọ̀dọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tutù, kó lè pẹ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òdòdó méjèèjì là lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ọwọ́ Màmá ti ń gbọ̀n nígbà náà. Àǹtí di ọrùn ọwọ́ náà mú, Màmá di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àìsàn gbé Màmá wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Bí Àǹtí bá ti wọlé, Màmá kì í dúró gba ìkíni.

"Ó ti wú?"

"Ó wú, ẹ̀gbọ́n mi. Ti ìyá wa ló wú."

"Ó ti pupa?"

"Kò tíì pupa. Tí a bá já a báyìí, hóró rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ jẹun."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí di oṣù kẹfà, tí Màmá fi sùn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Èso náà kò tíì pupa.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni ọmọ mẹ́ta: bíríkìlà kan, nọ́ọ̀sì kan, àti awakọ̀ kan tó jogún ìdákẹ́ bàbá rẹ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àti àbúrò kan ṣoṣo, Àǹtí Aránṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ikú Màmá ni Àǹtí já èso náà. Wọ́n là á sórí aṣọ funfun, hóró dúdú kún inú rẹ̀. Wọ́n ti gbìn ín. Nígbà tí a ń fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, àwọn ọmọ ọrọ́ ti ń yọjú, a kò sì tíì lè kà wọ́n mọ́ àwọn tí olóògbé fi sáyé, nítorí wọ́n ṣì ń pọ̀ sí i.

Kí Ọlọ́run tó mọ àkókò ohun gbogbo gba Màmá wa tọwọ́tẹsẹ̀. Màmá, ó ti pupa. Ẹ sùn re o.